Píkọ́ọ̀pù Tó Ń Mí Hẹlẹhẹlẹ Lórí Ìdúró

Lẹ́tà mẹ́ta ló dé ọ̀dọ̀ wa lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ìyẹn ẹ́ńjìnnì tí kì í dúró lójú kan nígbà tí ẹsẹ̀ awakọ̀ kò sí lórí tọ́tù. Sílò ni àwọn mẹkáníìkì wa máa ń pe ìyípo ẹ́ńjìnnì lórí ìdúró yìí, orúkọ náà ni a ó sì máa lò. Lẹ́tà tó wá láti Ṣakí ni a ó dáhùn ní kíkún, nítorí pé ẹni tó kọ ọ́ ṣàlàyé àìsàn ọkọ̀ rẹ̀ dáadáa, ohun tí a ó sì sọ fún un yóò wúlò fún àwọn méjì yòókù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú wa. Píkọ́ọ̀pù Toyota ọdún 1991 ni mo fi ń kó pákó láti Ṣakí lọ sí Ìsẹ́yìn. Tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni, gíá ọlọ́wọ́ ni, ẹ́ńjìnnì 22R-E ló sì wà nínú rẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí tí sílò rẹ̀ ti dàrú. Bí mo bá sítáàtì rẹ̀ láàárọ̀, á ké díẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe, á sì dúró lójú kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń móoru, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké lọ sókè, á já wálẹ̀, á tún ké lọ sókè, láìjẹ́ pé mo fi ẹsẹ̀ kan tọ́tù. Abẹ́rẹ́ tó ń ka ìyípo ẹ́ńjìnnì ń sá láti 1,000 dé nǹkan bí 1,800, á sì tún padà, bí ẹni tó sáré tó wá ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì àti wáyà wọn. Èkejì fọ nọ́sù. Ẹ̀kẹta yí sùkúrù kan síwá sẹ́yìn títí ó fi sú u, ó sì ní kí n lọ ra búréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n lọ rà á?
Òǹkàwé yín, Ṣakí.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìfaradà. Ẹ má tíì ra búréènì bọ́ọ̀sì o. Ohun mẹ́ta wà nínú lẹ́tà yín tó ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tí àwọn mẹkáníìkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fọwọ́ kàn lọ: ọkọ̀ náà ń dúró dáadáa nígbà tí ó tutù, ìgbà tí ó bá ń móoru ni àìsàn rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kíké rẹ̀ sì ní ìlù tí kì í yẹ̀. Pulọ́ọ̀gì tó ti kú kì í ní ìlù. Ńṣe ni yóò máa mú kí ẹ́ńjìnnì gbọ̀n, kí ó sì máa já ìgbésẹ̀ kan sílẹ̀. Nọ́sù tó dí náà kì í mú ọkọ̀ ké dé 1,800. Ẹ́ńjìnnì kò lè sáré tó bẹ́ẹ̀ lórí ìdúró àfi bí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ ju ìwọ̀n lọ bá ń wọ inú rẹ̀. Nítorí náà, afẹ́fẹ́ ni kí a máa wá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí afẹ́fẹ́ ṣe ń rìn nínú ọkọ̀ yín, nítorí ẹni tó bá mọ ọ̀nà náà ni yóò mọ ibi tí olè ń gbà wọlé. Ẹ́ńjìnnì 22R-E, tí títóbi rẹ̀ jẹ́ lítà 2.4, kò ní kábúrétọ̀. Afẹ́fẹ́ á gba inú fítà wọlé, á sì dé inú àpótí kan tí ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ wà nínú rẹ̀; bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ti ilẹ̀kùn náà ṣí tó ni búréènì bọ́ọ̀sì fi ń mọ iye epo tí nọ́sù yóò tú. Láti ibẹ̀, afẹ́fẹ́ á gba inú rọ́bà ńlá kan dé tọ́tù bọ́dì, tí àwo pẹlẹbẹ inú rẹ̀ ń ṣí nígbà tí ẹ bá tẹ tọ́tù, tí ó sì ń pa dé nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò. Nígbà tí àwo yìí bá ti pa dé, ọ̀nà ẹ̀bùrú méjì ni ẹ́ńjìnnì fi ń mí jù lọ. Ọ̀kan ni ihò kékeré tí sùkúrù sílò ń ṣàkóso. Èkejì ni fáàfù kan tó wà lábẹ́ tọ́tù bọ́dì, tí ó máa ń ṣí sílẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù kí ọkọ̀ lè ké díẹ̀ láàárọ̀, tí ó sì máa ń pa dé nígbà tí omi rédíétọ̀ tó ń kọjá lára rẹ̀ bá gbóná tó nǹkan bí 80°C, nítorí pé ìda kan wà nínú rẹ̀ tí ooru ń mú wú. Kò sí wáyà kankan lára fáàfù yìí. Búréènì bọ́ọ̀sì kò lè ṣí i, kò sì lè pa á. Omi gbígbóná nìkan ni ọ̀gá rẹ̀.

Òfin kan sì wà tí wọ́n kọ sínú búréènì bọ́ọ̀sì. Bí àwo tọ́tù bá wà ní pípadé, tí ẹ́ńjìnnì sì ń yí kọjá ààlà kan, búréènì bọ́ọ̀sì yóò gbà pé ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè tàbí pé ó ń rọra dúró, yóò sì dá epo dúró pátápátá kí epo má bàa ṣòfò. Bí ìyípo bá ti já wálẹ̀ tó ààlà mìíràn, yóò tún dá epo padà. Ààlà yìí kì í dúró sójú kan: ó ga nígbà tí omi ẹ́ńjìnnì tutù, ó sì ń rẹlẹ̀ bí omi náà ti ń gbóná. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ yín fi lè ké láàárọ̀ láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru omi bá ti sọ fún búréènì bọ́ọ̀sì pé omi ti gbóná, tí fáàfù abẹ́ tọ́tù bọ́dì kò sì pa dé, afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ yóò ṣì máa wọlé nígbà tí ààlà ti wálẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á ké kọjá ààlà, búréènì bọ́ọ̀sì á dá epo dúró, ẹ́ńjìnnì á já wálẹ̀, epo á padà dé, á tún ké. Mímí hẹlẹhẹlẹ tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn. Búréènì bọ́ọ̀sì tí wọ́n ní kí ẹ lọ pààrọ̀ gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Láàárọ̀, kí ẹ tó sítáàtì ọkọ̀, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì tutù, ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀ fúnra rẹ̀. Ìgò ike ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wò, ìgò náà sì lè kún nígbà tí inú rédíétọ̀ ti ṣófo. Omi gbọ́dọ̀ kún dé ọrùn. Bí kò bá kún, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí ìdí ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ibi gíga ni tọ́tù bọ́dì wà, ibi gíga sì ni afẹ́fẹ́ máa ń sá lọ bí omi bá dín. Sẹ́ńsọ̀ yóò ṣì wà nínú omi gbígbóná, fáàfù yóò wà nínú afẹ́fẹ́ lásán, àwọn méjèèjì kò sì ní fẹnu kò mọ́ lórí bóyá ẹ́ńjìnnì gbóná tàbí ó tutù. Mi ò mọ àyẹ̀wò mìíràn tó rọrùn tó báyìí tí ó sì máa ń yanjú àìsàn yìí lára 22R-E tó báyìí, síbẹ̀ òun ni wọ́n máa ń fò dá.

Láti fi omi kún un, ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tí imú rẹ̀ yóò ti kọjú sí òkè díẹ̀, ẹ fa búréèkì ọwọ́, ẹ fi òkúta ti táyà kí ó má bàa yí, ẹ sì fi gíá sí ọ̀fẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìdérí rédíétọ̀ wà ní ṣíṣí láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ti tutù, ẹ sítáàtì rẹ̀, ẹ yí híátà sí ibi gbígbóná jù lọ bí wọn kò bá tíì yọ ọ́, kí ẹ sì máa da omi tí a ti pò mọ́ kúláǹtì sí i bí ìfóòfó afẹ́fẹ́ ti ń jáde. Ẹ máa fi ọwọ́ fún họ́ọ̀sì òkè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí họ́ọ̀sì náà bá gbóná lójijì, tẹ́mósítáàtì, ìyẹn fáàfù tó ń ṣí fún omi gbígbóná láti lọ sínú rédíétọ̀, ti ṣí nìyẹn. Omi yóò wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ó sì tún kún un kí ẹ tó dé e. Ẹ má ṣe ṣí ìdérí yìí láé nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tẹ́lẹ̀, nítorí omi náà yóò fò jáde, yóò sì bó ènìyàn lójú àti lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá họ́ọ̀sì kékeré méjì tó ń gbé omi wọ abẹ́ tọ́tù bọ́dì, tó sì ń gbé e jáde. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, ẹ rọra fi ọwọ́ kàn wọ́n: méjèèjì ló yẹ kí ó gbóná. Píkọ́ọ̀pù tí èmi fúnra mi lò nígbà kan ní irú àìsàn yìí gan-an. Ẹni tó tún rédíétọ̀ rẹ̀ ṣe ti gé họ́ọ̀sì méjèèjì, ó sì fi bóòtù dí ẹnu wọn, nítorí pé ọ̀kan ti ń jò. Omi kò jò mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n fáàfù kò rí omi gbígbóná kankan mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo ti ra àpótí tó ń wọn afẹ́fẹ́, mo sì ti ra sẹ́ńsọ̀ tọ́tù, kí n tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kan tí mo rí bóòtù méjì níbi tí kò yẹ kí bóòtù wà. Họ́ọ̀sì tuntun méjì ni mo rà, ọkọ̀ náà sì dákẹ́ jẹ́ẹ́ ní ọjọ́ kejì. N kò fẹ́ kí ẹ̀yin náà gba ọ̀nà yẹn.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tẹ́mósítáàtì, nítorí ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn mí. Ní ọ̀pọ̀ wọ́kíṣọ́ọ̀bù wa, bí ọkọ̀ bá ti gbóná jù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tẹ́mósítáàtì ni wọn yóò kọ́kọ́ yọ jù nù, wọn yóò sì sọ fún olówó ọkọ̀ pé ìlú òtútù ni wọ́n ṣe é fún. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Iṣẹ́ tẹ́mósítáàtì ni láti mú kí ẹ́ńjìnnì dé ìwọ̀n ooru tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, kí ó sì dúró síbẹ̀. Nínú 22R-E, nǹkan bí 88°C ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Bí wọ́n bá yọ ọ́, omi kò ní dúró gbóná nínú ẹ́ńjìnnì, yóò kàn máa sáré gba inú rédíétọ̀ kọjá, pàápàá lójú ọ̀nà jíjìn láàárọ̀ ọyẹ́. Fáàfù yóò ṣí ní ìdajì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, búréènì bọ́ọ̀sì yóò máa tú epo kún epo nítorí ó rò pé ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, epo bẹntiróò yóò sì máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣe ọkọ̀ yín kẹ́yìn bóyá tẹ́mósítáàtì ṣì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́, ẹ dá a padà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, nítorí kò sí àyẹ̀wò tí yóò sọ òótọ́ fún yín nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò bá lè gbóná tán.

Bí omi bá kún, tí họ́ọ̀sì méjèèjì gbóná, tí tẹ́mósítáàtì sì wà, ó kù kí a dán fáàfù fúnra rẹ̀ wò. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tán, ẹ yí sùkúrù sílò tó wà lórí tọ́tù bọ́dì wọlé díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan ìdí, kí ẹ máa ka iye ìgbà tí ẹ yí i kí ẹ lè dá a padà sí ipò rẹ̀, kí ẹ má sì fi agbára dè é. Bí fáàfù bá pa dé dáadáa, ọ̀nà kejì náà ti dí báyìí, ẹ́ńjìnnì yóò sì rẹlẹ̀ gan-an tàbí kí ó kú. Bí ó bá ṣì ń ké bí ti tẹ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gba ibòmíràn wọlé, fáàfù yẹn sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí a ó fura sí. Ẹ lè tú u, kí ẹ fi oògùn tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀ fọ dúdú ara rẹ̀, kí ẹ wá gbé e sínú omi gbígbóná nínú abọ́ kan, kí ẹ sì máa wo ojú ihò rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ rọra pa dé níṣojú yín. Èyí tí kò bá pa dé nínú omi tó ń hó, ìda inú rẹ̀ ti lọ, ẹ ó wá òmíràn ní Àràrọ̀mí ní Gáàtì n'Íbàdàn tàbí ní Ládípọ̀ ní Èkó. Ẹ gbé abọ́ omi gbígbóná yín dání lọ sí ọjà bí ẹni tó ń tà á bá gbà, nítorí tòkunbọ̀ ni ẹ ó bá níbẹ̀, ó sì lè ní àìsàn kan náà.

Ẹ má ṣe fi sùkúrù sílò yìí wé sùkúrù kejì tó ń gbé apá àwo tọ́tù dúró. Mo bẹ̀rù pé èyí ni ẹni kẹta yẹn yí síwá sẹ́yìn. Kì í ṣe fún sílò rárá. Ńṣe ni ó wà níbẹ̀ kí àwo má bàa há sínú ihò rẹ̀. Bí wọ́n bá yí i wọlé jù, àwo kò ní pa dé tán, àyẹ̀wò gbogbo yóò sì dàrú. Ẹ jẹ́ kí ó kàn fi orí kan apá náà fẹ́rẹ́, kí ó má ṣe tì í.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí pé dídá epo dúró ló ń fa ìlù náà, ẹ wá sẹ́ńsọ̀ tọ́tù, èyí tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tọ́tù bọ́dì. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń mí hẹlẹhẹlẹ lọ́wọ́, ẹ yọ ẹnu wáyà rẹ̀. Búréènì bọ́ọ̀sì kò ní mọ̀ mọ́ pé tọ́tù wà ní pípadé, nítorí náà kò ní dá epo dúró. Bí ẹ́ńjìnnì bá dáwọ́ mímí dúró, tí ó sì ń ké lójú kan ní òkè, kò sí iyèméjì mọ́ pé afẹ́fẹ́ àpọ̀jù ni. Ẹ má fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ máa wa ọkọ̀ lọ o, bí àwọn kan ti máa ń ṣe. Ẹ dá wáyà padà, kí ẹ sì yọ fíúùsì tí wọ́n kọ EFI sí lára fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, kí búréènì bọ́ọ̀sì lè gbàgbé àṣìṣe tí ẹ dá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mímí náà kò bá yí padà rárá, ẹ jẹ́ kí rìwáyà fi mítà wo sẹ́ńsọ̀ náà. Bí ó bá fi irin pẹlẹbẹ 0.57 mm sí àárín apá tọ́tù àti sùkúrù rẹ̀, ojú wáyà tí wọ́n ń pè ní IDL, èyí tó ń sọ pé tọ́tù ti pa dé, gbọ́dọ̀ ṣì kan. Bí ó bá fi ti 0.85 mm sí i, ó gbọ́dọ̀ ti já. Kí ó wo sẹ́ńsọ̀ ooru omi náà: ní 20°C, ó yẹ kí mítà ka láàárín 2,000 sí 3,000 óòmù, ní 80°C, láàárín 200 sí 400.

Ọkọ̀ yín náà lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ojú wáyà sí abẹ́ ìdérí rẹ̀. Ẹ fi wáyà ṣókí kan so TE1 pọ̀ mọ́ E1, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìsítáàtì, kí ẹ sì máa ka bí iná ẹ́ńjìnnì inú dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń ṣẹ́jú. Bí iná náà bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, tí ó dákẹ́ díẹ̀, tí ó tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, 22 nìyẹn, èyí tó ń tọ́ka sí sẹ́ńsọ̀ ooru omi. 31 ń tọ́ka sí àpótí tó ń wọn afẹ́fẹ́. 41 sì ń tọ́ka sí sẹ́ńsọ̀ tọ́tù. Bí ó bá ń ṣẹ́jú lọ láìdúró, lọ́nà tó dọ́gba, kò rí ẹ̀sùn kankan, ìyẹn náà yóò sì tún fi hàn pé búréènì bọ́ọ̀sì kọ́ ni.

Ní ti afẹ́fẹ́ tó ń jò wọlé láti ara họ́ọ̀sì tó ti là, mo fi í sẹ́yìn nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ilẹ̀kùn inú àpótí kò bá kà kì í rí epo tí yóò bá rìn. Ó sábà máa ń mú kí ẹ́ńjìnnì gbọ̀n tàbí kí ó rẹlẹ̀ ju kí ó ké lọ. Síbẹ̀, ẹ tẹ rọ́bà ńlá tó lọ sí tọ́tù bọ́dì, kí ẹ wo abẹ́ àwọn ìṣẹ́po rẹ̀, nítorí abẹ́ ni ó ti máa ń là. Ẹ wo họ́ọ̀sì tó lọ sí ibi búréèkì àti rọ́bà ìdí nọ́sù kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ṣí ẹnu ibi tí a ń da ọ́ìlì sí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, 22R-E tí kò ní ibi jíjò yóò ṣe bí ẹni fẹ́ kú lójú ẹsẹ̀. Èyí tí kò bá ka ṣíṣí náà sí, afẹ́fẹ́ ti ń gba ibòmíràn wọlé tẹ́lẹ̀. Omi lásán nínú ìgò ìfọ́n ni kí ẹ fi wá ojú ibi jíjò. Mo ti rí àwọn tó ń fọ́n pẹtiróòlù sí ara ẹ́ńjìnnì gbígbóná láti fi gbọ́ bí ohùn rẹ̀ yóò ti yí padà, mo sì ń bẹ yín, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe é sí ọkọ̀ yín, nítorí iná lè sọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí ó lè tóbi ju sílò lọ. Bí ẹ bá bá rédíétọ̀ ní àìkún, ẹ bi ara yín pé níbo ni omi náà lọ. Ike méjì tó ń darí ṣéènì táímìn nínú ẹ́ńjìnnì yìí máa ń gbó, wọ́n sì máa ń ṣẹ́. Ṣéènì á wá máa fá ara ìdérí irin iwájú títí yóò fi lu ihò wọ ibi tí omi ń gbà, omi á sì máa dà sínú ọ́ìlì. Ẹ fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì bá dà bíi tíì tí a da mílíìkì sí, tàbí tí ẹ ń gbọ́ ariwo ṣéènì níwájú ẹ́ńjìnnì láàárọ̀, ẹ má wà á lọ sí Ìsẹ́yìn mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí iwájú rẹ̀. Ìdérí irin àti ṣéènì ṣì ṣeé rà, ṣùgbọ́n omi nínú ọ́ìlì yóò ba bíárìn ìsàlẹ̀ jẹ́ láìpẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹ lẹ́ ńbẹ̀ yẹn o. Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù tó ti wà lọ́wọ́ bàbá mi ni mo jogún. Kò ní búréènì bọ́ọ̀sì, kábúrétọ̀ ló ní, síbẹ̀ ó ń lọ sókè sódò lórí ìdúró, ó sì máa ń kú bí mo bá dúró ní ìkóríta. Ṣé àlàyé kan náà ni?
Òǹkàwé yín, Ìjẹ̀bú-Òde.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àfẹ́kù bàbá yín. Ọkọ̀ tó lágbára ni wọ́n fi sílẹ̀ fún yín, ó sì yẹ ní títọ́jú. Àlàyé náà kì í ṣe ọ̀kan, nítorí pé kò sí ẹni tó ń dá epo dúró nínú ọkọ̀ yín. Bí kábúrétọ̀ bá ń mú ẹ́ńjìnnì lọ sókè sódò lórí ìdúró, epo tó ń rí ló sábà máa ń kéré sí afẹ́fẹ́ tó ń gbà. Ẹ lè mọ̀ ọ́n láìtú nǹkan kan: nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, tí ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ẹ fa ṣóòkù díẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, tí ó sì dúró dáadáa, epo ló kéré. Bí ó bá burú sí i, tí sàléńsà sì ń tú èéfín dúdú, epo ló pọ̀ jù.

Bí epo bá kéré, jẹ́ẹ̀tì sílò inú kábúrétọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Ihò rẹ̀ kéré gan-an, ìdọ̀tí tó bá inú jálá wọ táńkì sì lè dí i. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kí ó fi afẹ́fẹ́ fọ́n ọn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi wáyà gún un, nítorí idẹ ni, ó rọ̀, ihò tó bá sì ti gbòòrò kò ní kéré mọ́. Ẹ pààrọ̀ fítà epo ní ọjọ́ kan náà. Bí jẹ́ẹ̀tì bá mọ́ tí kò sì yí padà, ẹ wo gásíkẹ́ẹ̀tì ìdí kábúrétọ̀ àti họ́ọ̀sì tinrín tó lọ sí ibi dísítíríbútọ̀, kí ẹ sì mi ọ̀pá tó di àwo tọ́tù mú: lára ọkọ̀ tó ti pẹ́ tó yìí, ihò ọ̀pá náà ti lè gbòòrò, kí afẹ́fẹ́ sì máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Ẹni tó ń lo léètì lè fi irin kékeré há a padà.

ÌBÉÈRÈ: Toyota Tacoma ọdún 2001 ni tèmi, ẹ́ńjìnnì lítà 2.7. Mo ní kí wọ́n fọ tọ́tù bọ́dì rẹ̀, wọ́n sì yọ bátìrì kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń ké sókè sódò, kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Kí ni wọ́n bà jẹ́?
Òǹkàwé yín, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ó lè má jẹ́ pé wọ́n ba nǹkan kan jẹ́. Fáàfù sílò ti ẹ́ńjìnnì yín yàtọ̀ sí ti 1991 yẹn: ó ní wáyà, búréènì bọ́ọ̀sì ló ń ṣí i tó sì ń pa á, ó sì máa ń kọ́ bí yóò ti ṣí i tó kí sílò lè dúró. Nígbà tí ìdọ̀tí kún inú tọ́tù bọ́dì, ó ti kọ́ láti máa ṣí i púpọ̀. Wọ́n fọ ìdọ̀tí kúrò, wọ́n sì yọ bátìrì tó jẹ́ kí ó rántí. Yóò tún ẹ̀kọ́ kọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná tán, kí ó dúró lórí sílò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsí ẹ̀rọ amúlétutù, kí ẹ sì wà á fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta.

Bí kò bá dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ padà sí ibi tí ọwọ́ ti kàn. Ẹ wò ó bóyá wọ́n dé rọ́bà ńlá náà padà ṣinṣin, tí kílíìpù rẹ̀ sì mú un yíká. Ẹ wò ó bóyá họ́ọ̀sì kékeré kan ṣì wà ní yíyọ lẹ́yìn tọ́tù bọ́dì. Ẹ sì béèrè bóyá wọ́n tú fáàfù sílò náà, nítorí bí gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá ti ya, afẹ́fẹ́ yóò máa gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Bí wọn kò bá tú u rárá, dúdú tó wà nínú rẹ̀ ṣì lè máa mú kí ó há. Kí wọ́n tú u, kí wọ́n fọ̀ ọ́ títí yóò fi máa yí fàlàlà, kí wọ́n sì fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun dè é padà.